Bí Ọ̀lẹ Là Á Rí

Láti ìgbà tí Iléyá ti kọjá ni gbólóhùn kan ti ń bá mi gbé. Mo lè wà nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ lábẹ́ afárá Post Office ní Ìlọrin, kí n máa wo ọlọ́kadà tó ń gba àárín mọ́tò méjì kọjá, gbólóhùn náà á yọ sí mi lọ́kàn. Mo lè máa fọ abọ́ lálẹ́ nílé mi ní Tanke, á tún dé. Kì í ṣe gbólóhùn tuntun. Inú ewì J. F. Ọdúnjọ tí gbogbo wa fi la ojú sí ìwé ló ti wá, èyí tí wọ́n fi ń tò wá sórí ìlà láàárọ̀. Ṣùgbọ́n ìlà àkọ́kọ́ tí gbogbo ayé ń sọ kọ́. Ìlà kẹrin àti ìkarùn-ún ni:

"Bí a kò bá rẹ́ni fẹ̀yìn tì,
bí ọ̀lẹ là á rí."

Mo ti ń ké e láti kékeré. Ó ti wà lẹ́nu mi tipẹ́tipẹ́ kó tó wọ̀ mí létí. Ohun tó sì ń rú mi lójú láti ọjọ́ yẹn ni pé báwo ni gbólóhùn kan ṣe lè jókòó jẹ́ẹ́ sínú ewì tí kò sẹ́ni tí kò mọ̀ ọ́n, kí tolórí tẹlẹ́mù máa gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá lójoojúmọ́, títí di ọjọ́ tí ẹnì kan yóò fi í gba ẹnìkejì rẹ̀ sílẹ̀.

Ìpàdé ẹbí ní Ajàsẹ́

Ilé wa ní Ajàsẹ́-Ìpo ni a ti ṣe ìpàdé ẹbí lọ́jọ́ kejì ọdún. Wọ́n ti sọ ọ̀rọ̀ páànù tó ń jò, wọ́n ti sọ ti ilẹ̀ tí wọ́n fẹ́ tà, wọ́n sì ti fi ẹnu ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó kan jóná. Ọ̀rọ̀ ọmọ àǹtí mi ni wọ́n fi kẹ́yìn, nígbà tí àwọn kan ti ń wá bàtà wọn.

Wẹ́dà ni ọmọ náà. Ìlọrin ló ti kọ́ṣẹ́, ó ṣe fúrídọ́ọ̀mù, ó padà sílé, ó sì gba ṣọ́ọ̀bù kan lójú títì tó lọ sí Òmù-Àrán. Ilẹ̀kùn, géètì, irin ojú fèrèsé, kò sí èyí tí kì í ṣe. Lọ́jọ́ kan, iná lọ, ó dé, ó lọ, ó tún wá dé pẹ̀lú agbára tí kò ṣeé gbà mọ́ra, ẹ̀rọ tó fi ń jó irin sì jóná pátápátá. Láti ìgbà náà, ó ṣì ń ṣí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ láàárọ̀. Á gbá iwájú rẹ̀, á to àwọn irin tó kù sí ẹ̀gbẹ́ ògiri, á wá jókòó sórí àgbá kan. Bí oníbàárà bá mú iṣẹ́ wá, á gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn tó ní ẹ̀rọ, á fi ọwọ́ ara rẹ̀ jó o níbẹ̀, á sanwó ẹ̀rọ fún onítọ̀hún, ìwọ̀nba tó bá ṣẹ́ kù ni yóò mú relé. Ohun tó ń ṣe nìyẹn. Ṣùgbọ́n ohun tí ẹni tó bá wà nínú mọ́tò ń rí ni géńdé kan tó jókòó sórí àgbá.

Kò tọrọ kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹbí. Ẹgbẹ́ alájẹsẹ́kù kan ti gbà láti yá a lówó tí yóò fi ra ẹ̀rọ mìíràn, wọ́n kàn ní kó mú onídùúró méjì wá, àwọn tí owó oṣù tàbí owó ìfẹ̀yìntì ń wọlé fún. Onídùúró ló wá wá.

Àbúrò bàbá mi ló kọ́kọ́ dá a lóhùn. Tísà ni wọ́n, wọ́n ṣe ọ̀gá ilé-ìwé kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé èèyàn dáadáa ni wọ́n, nítorí bí mo ṣe ń sọ ìtàn yìí lè mú kí ẹnì kan rò pé ìkà ni wọ́n. Púpọ̀ nínú àwa tó wà ní pálọ̀ lọ́jọ́ náà, àwọn ló san owó ìdánwò wa. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, mo máa ń kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ. Kò sí ọjọ́ tí mo kọjá tí mi ò bá ọ ní ìjókòó. Onídùúró kọ́ lo nílò." Wọ́n wá gbé ìka sókè bí wọ́n ṣe máa ń ṣe ní kíláàsì: "Kí ni mo kọ́ yín? Iṣẹ́ ni..."

Gbogbo pálọ̀ sì dáhùn pọ̀, tàgbà tọmọdé: "...oògùn ìṣẹ́!" Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Èmi náà dáhùn. Ohun tí mi ò lè gbàgbé ni pé ọmọ náà dáhùn. Ó wà lórí ìdúró níwájú wa, ó di ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn, a ń fi ewì yẹn nà án, ẹnu rẹ̀ sì bá wa ké e. Ewì tó ti mọ́ni lẹ́nu láti kékeré kì í tọrọ àyè kó tó jáde.

Ìyá àgbà wà lórí ẹní lẹ́bàá ilẹ̀kùn, wọ́n ń bó ẹ̀gúsí sínú àtẹ. Wọn ò tíì dá sí ọ̀rọ̀ kankan láti ìgbà tí ìpàdé ti bẹ̀rẹ̀. Wọn ò gbójú sókè. Ohùn tí àwọn ọmọdé fi ń ké e gan-an ni wọ́n fi sọ ọ́, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń rántí: "Bí a kò bá rẹ́ni fẹ̀yìn tì..." Wọ́n bó ẹ̀gúsí kan, wọ́n ju èèpo rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. "...bí ọ̀lẹ là á rí." Wọ́n wá ní, "Ìwé yín ló wí bẹ́ẹ̀. Èmi ò kàwé."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́. Bàbá tísà ní, "Màmá, ẹ tún un sọ." Ìyá àgbà ní, "O ti gbọ́."

Wọ́n gbọ́ lóòótọ́. Mo rí i lójú wọn. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í bi ọmọ náà ní ìbéèrè tí kò sẹ́ni tó bi í láti oṣù yìí wá: aago mélòó lo ń ṣí ṣọ́ọ̀bù? Èló ni wọ́n ń gbà lọ́wọ́ rẹ fún ẹ̀rọ? Ta lo jẹ ní gbèsè? Ọmọ náà ń fèsì, ohùn rẹ̀ sì ń gbọ̀n díẹ̀. Nígbà tó nawọ́ ìwé alájẹsẹ́kù sí wọn, mo rí ọwọ́ rẹ̀ láti ìka dé ìgbọ̀nwọ́, ojú àpá kéékèèké tí ẹ̀ta iná irin ti dá sí i, èyí tó ti pẹ́ àti èyí tí kò tíì san. Ọwọ́ yìí ni a ń pè ní ọwọ́ ọ̀lẹ. Bàbá tísà fọwọ́ sí ìwé náà, àǹtí mi kan tó jẹ́ nọ́ọ̀sì sì fọwọ́ sí ìkejì, ìpàdé túká.

Lọ́jọ́ kejì ni mo bi Ìyá àgbà léèrè bí wọ́n ṣe mọ̀ ọ́n. Wọ́n ní lálẹ́, nígbà tí àwọn ọmọ wọn wà ní kékeré, iwájú àtùpà kan ṣoṣo ni gbogbo wọn ń jókòó sí, àwọn á máa ṣa ẹ̀wà, ọmọ á máa kàwé sókè. Bí ibì kan bá dùn mọ́ wọn, wọ́n á ní kí ọmọ náà tún un kà. Ibi yẹn dùn mọ́ wọn, nítorí àwọn náà ti di opó nígbà náà, wọn ò rẹ́ni fẹ̀yìn tì, àwọn ará ilé sì ń wò wọ́n bákan. Mo bi wọ́n pé ọmọ wo ló ń kà á fún wọn. Wọ́n ní, "Ta tún ni? Tísà náà ni."

Àbọ̀ ọ̀rọ̀

Àwa Yorùbá ni a ní àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, bó bá dénú rẹ̀, a di odidi. Ọgbọ́n ńlá ni. Bí àgbàlagbà kan bá wọlé bá àwọn tó ń jà, tó sì ní "Àgbà kì í wà lọ́jà," ó ti tó. Kò sẹ́ni tí yóò bi í léèrè pé kí ló dé, nítorí orí ọmọ tuntun tó wọ́ ti wà lọ́kàn gbogbo ẹni tó ń gbọ́ ọ. Ìdajì tí a kò sọ ń ṣiṣẹ́ nínú èyí tí a sọ. Bí a ṣe ń bá ara wa sọ̀rọ̀ láìṣe àpọ̀jù nìyẹn, ó sì jẹ́ ọ̀kan nínú ohun tí mo fẹ́ràn jù nínú èdè yìí.

Ṣùgbọ́n ọgbọ́n náà ní ohun tó fi ń dúró. Ẹni tó sọ àbọ̀ àti ẹni tó gbọ́ àbọ̀ gbọ́dọ̀ jọ ní odidi lọ́wọ́. Bí odidi bá ti sọnù, àbọ̀ kì í ṣe àṣàyàn ọ̀rọ̀ mọ́. Ó ti di ohun mìíràn. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ewì Ọdúnjọ lẹ́nu wa nìyẹn. Ìlà àkọ́kọ́ jáde kúrò nínú ilé, ó lọ sí ọ́fíìsì, ó lọ sí ìpolongo ìbò, ó lọ sí ara ògiri ilé-ìwé, ó sì lọ sí ẹnu ọ̀gá tó ń jẹ owó oṣù ọmọọṣẹ́. Níbi gbogbo tó dé, ẹni tó ní lọ́wọ́ ló ń sọ ọ́ fún ẹni tí kò ní. Mi ò tíì rí ibi tí ẹni tí kò ní ti ń sọ ọ́ fún olówó.

Kì í ṣe àwa nìkan ni irú èyí ń ṣẹlẹ̀ sí. Ní 1914, Robert Frost, akéwì ará Amẹ́ríkà, tẹ ewì kan jáde nípa àwọn àgbẹ̀ méjì tí wọ́n máa ń pàdé lẹ́yìn ìgbà òtútù láti tún ògiri òkúta tó pín oko wọn níyà tò. Ọ̀kan ń gbin igi ápù, igi páìnì ló wà lóko èkejì. Kò sí màlúù, kò sí ewúrẹ́ tí yóò ya wọ oko ẹnikẹ́ni. Ẹni tó ń sọ ìtàn náà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe kàyéfì pé kí ni ògiri wà fún. Ó ní kí òun tó mọ ògiri, òun á kọ́kọ́ fẹ́ mọ ohun tí òun ń sé mọ́ inú àti ohun tí òun ń sé mọ́ ìta. Ohun kan ṣoṣo tí aládùúgbò rẹ̀ rí fi dá a lóhùn ni ọ̀rọ̀ tó gbọ́ lẹ́nu bàbá rẹ̀, pé ọgbà tó dára ní í mú kí aládùúgbò dára. Ó sọ ọ́, ó tún un sọ, kò sì wo ẹ̀yìn ọ̀rọ̀ náà láti mọ ohun tó wà níbẹ̀. Odindi ewì náà ń bá ọ̀rọ̀ yẹn jà. Síbẹ̀, lónìí, ọ̀rọ̀ yẹn gan-an ni àwọn èèyàn yọ mú nínú ewì náà, tí wọ́n ń sọ bí ẹni pé ìmọ̀ràn Frost ni. Aládùúgbò tó ń tún ọ̀rọ̀ bàbá rẹ̀ sọ láìrò ó ló borí akéwì tó kọ ọ́.

Nígbà tí mo rántí ewì Frost yìí, ohun tó wá sí mi lọ́kàn ni pálọ̀ wa ní Ajàsẹ́, bí gbogbo wa ṣe jọ dáhùn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Ohun tó ń mú kó dúró

Kí ló ń mú gbólóhùn kan dúró lára èèyàn nígbà tí odindi ìwé bá ti fò lọ? Mo ti gbọ́ tí wọ́n ní ẹwà ni. Ẹwà wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n mo mọ gbólóhùn tó rẹwà tí mi ò rántí títí ilẹ̀ fi ṣú.

Ẹnu ni mo rò pé ó kọ́kọ́ ń ṣiṣẹ́. Ìlú tí mo ń gbé yìí, ẹnu ni ilé ìwé rẹ̀. Bí wọ́n bá ń ki Ìlọrin, wọ́n á ní ìlú tóbi tóyìí kò léégún, ẹṣin leégún ilé wọn, ọ̀kọ̀ lorò ibẹ̀. Ẹni tí kò tíì ka ìwé ìtàn kan nípa Àfọ̀njá tàbí Àlímì lè dúró lọ́nà ààfin nígbà Iléyá, nígbà tí àwọn ẹlẹ́ṣin bá ń kọjá pẹ̀lú aṣọ aláràbarà lára ẹṣin wọn, kí ó sì mọ ohun tí oríkì náà ń sọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni Ọ̀fà, tí kò jìnnà sí wa ní Ajàsẹ́: ìjàkadì lorò Ọ̀fà. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré. Ọmọ Ọ̀fà tó wà ní òkè òkun á gbọ́ ọ, àyà rẹ̀ á fẹ̀. Àwọn olórin dadakúàdà àti àwọn oníwákà mọ èyí dáadáa. Gbólóhùn tí wọ́n bá fẹ́ kí ó bá àwọn tó wá síbi àwẹ̀jẹ-wẹ̀mu relé, wọ́n á gé e kúrú, wọ́n á fi ìdajì rẹ̀ dojú kọ ìdajì.

Ẹ wá wo ìlà Ọdúnjọ. Ó ní apá méjì. Ìkínní ṣí ọ̀rọ̀ sílẹ̀, èkejì pa á dé. "Bí" ló bẹ̀rẹ̀ apá kìíní, òun náà ló bẹ̀rẹ̀ èkejì. Ìyá àgbà bó ẹ̀gúsí kan láàárín méjèèjì, àyè sì wà fún un láti bó o. Ẹni tí kò mọ̀wé lè gbé e pa mọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún láìjẹ́ kí ọ̀rọ̀ kan jábọ́ nínú rẹ̀.

Ohun mìíràn tún wà níbẹ̀ tó wú mi lórí. Nínú ewì náà, Ọdúnjọ ń bá ọmọdé sọ̀rọ̀ gẹ́gẹ́ bí olùkọ́: múra síṣẹ́, ọ̀rẹ́ mi, ìyá rẹ lè lówó lọ́wọ́, bàbá rẹ lè lẹ́ṣin léèkàn, bí o bá gbójú lé wọn, o tẹ́. Ìwọ, ìwọ, ìwọ. Ṣùgbọ́n nígbà tó kan ọ̀rọ̀ ẹni tí kò rẹ́ni fẹ̀yìn tì, ó di "a". Bí *a* kò bá rẹ́ni. Bí ọ̀lẹ là *á* rí. Ó dà bí tísà tó fi ẹ̀gba sílẹ̀, tó wá jókòó sórí bẹ́ǹṣì láàárín àwọn ọmọ. Ọdúnjọ ṣe tísà, ó ṣe ọ̀gá ilé-ìwé Kátólíìkì, ó sì tún di mínísítà ní Ìwọ̀-Oòrùn láyé Awólọ́wọ̀. Kò ṣeé ṣe kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ má ti rí ọ̀pọ̀ ọmọ tó já fáfá tí kò rí ẹni san owó ìwé fún un, tí ará ilé wá ń pè ní aláìníláárí. Kò sọ pé ọ̀lẹ ni irú wọn. Ojú tí ń wò wọ́n ló ń bá wí.

Gbólóhùn tó ń dúró tún máa ń fi àyè sílẹ̀ fún ẹni tó ń gbọ́ ọ. D. O. Fágúnwà mọ èyí nígbà tó ṣí Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀ ní 1938. Kó tó sọ ìtàn ọdẹ kankan, ó ti sọ fún wa pé bí òwe bí òwe ni à ń lu ìlù ògìdìgbó, pé ọlọ́gbọ́n ní í jó o, ọ̀mọ̀ràn ní í sì mọ̀ ọ́n. Ó lu ìlù, ó fi ijó sílẹ̀ fún wa. Mi ò mọ ìwé Yorùbá mìíràn tó fi irú ọ̀wọ̀ bẹ́ẹ̀ wọ òǹkàwé rẹ̀ láti ojú ewé àkọ́kọ́. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó ka ìwé náà ní ọmọ ọdún mẹ́wàá àti ẹni tó kà á ní àádọ́ta ọdún kì í fi jó ijó kan náà.

Gbólóhùn sì tún lè kúrò nílé ẹni tó bí i, kó lọ gbọ́ bùkátà ẹlòmíràn. W. B. Yeats, ará Ireland, kọ ewì kan ní 1919, lẹ́yìn ogun àgbáyé àkọ́kọ́, níbi tó ti ní ohun gbogbo ń tú ká, àárín kò lè dì í mú mọ́. Nígbà tó di 1958, Chinua Achebe mú ọ̀rọ̀ mẹ́ta nínú ìlà náà, "Things fall apart", ó fi sọ orúkọ ìwé rẹ̀ nípa Okonkwo àti ìlú Umuofia. Yeats kò mọ Umuofia. Ṣùgbọ́n ẹ bi ọmọ ilé-ìwé gírámà ní Ìlọrin pé ta ló ni ọ̀rọ̀ yẹn, Achebe ni yóò pè, mi ò sì rò pé ó jẹ̀bi. Ẹni tí ọ̀rọ̀ bá ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní ìpín nínú rẹ̀. Tí ẹ bá bi èmi pé ta ló ni ìlà kẹrin àti ìkarùn-ún ewì Ọdúnjọ, Ọdúnjọ ni mo máa kọ́kọ́ pè. Lẹ́yìn náà, màá pe obìnrin kan tí kò mọ a, b, d, tó fi ẹ̀wà tó ń ṣà sílẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ kan, tó ní, "Tún un kà."

Ọ̀rẹ́ mi kò gbà

Mo ní ọ̀rẹ́ kan tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní Yorùbá ní ilé-ìwé gírámà kan níhìn-ín. Mo ro gbogbo èyí fún un. Ó gbọ́ mi títí, ó wá ní mo ń fi agídí ka ewì. Ó ní ìlà tó tẹ̀ lé e kò fara sin: "Bí a kò bá rẹ́ni gbẹ́kẹ̀lé, à á tẹra mọ́ iṣẹ́ ẹni." Ó ní ewì ọmọdé ni, kí ọmọ má bàa ya ọ̀lẹ ni wọ́n ṣe kọ ọ́, pé ìyọ́nú tí mo ń rí níbẹ̀, ìpàdé ẹbí ni mo ti gbé e wá, kì í ṣe inú ìwé.

Ọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Mi ò sọ pé Ọdúnjọ ní kí ẹnikẹ́ni káwọ́ gbera. Ewì náà fẹ́ kí a ṣiṣẹ́, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a kà á tán. Lápá ìsàlẹ̀, ewì kan náà sọ bí ayé ṣe ń fẹ́ràn ẹni tó lówó lọ́wọ́, bí wọ́n ṣe ń fi ẹ̀rín pàdé ẹni tó wà nípò, àti bí wọ́n ṣe ń yínmú sí i ní gbàrà tí nǹkan bá yí padà fún un. Akéwì tó rí ayé kedere tó bẹ́ẹ̀ mọ̀ pé ìtìjú wà lára ohun tí òṣì ń dá síni lára, ó sì mọ ẹni tó ń fi í kàn wá. Ó ń bá ẹni tó ń ṣiṣẹ́ sọ̀rọ̀, ó sì ń bá ẹni tó ń wò ó sọ̀rọ̀. Àwa, ti ẹni tó ń ṣiṣẹ́ nìkan la mú.

Ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan wà lẹ́yìn ilé mi. Láti ọjọ́ tí ọ̀rẹ́ mi ti sọ̀rọ̀ yẹn ni mo ti ń tẹ́tí sí wọn láàárọ̀. Gbogbo ọmọ náà á gbé ohùn sókè lórí ìlà àkọ́kọ́, wọ́n á mí kanlẹ̀ lẹ́yìn "ọ̀rẹ́ mi", lẹ́yìn náà, eré ló kù. Ìlà kẹta, ìkẹrin, ìkarùn-ún, ìkẹfà, gbogbo rẹ̀ á wọnú ara wọn bí ẹni pé òjò ń bọ̀. Kò sí ibi tí ẹ ti lè gbọ́ "bí ọ̀lẹ là á rí" dáadáa. Ó di ìgbà tí wọ́n bá dé "múra síṣẹ́, ọjọ́ ń lọ" kí ohùn tó tún là. Ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin ni a fún wọn ní àyè láti gbọ́. Mo sọ fún ọ̀rẹ́ mi pé kí ó wá bá mi gbọ́ ọ. Ó wá, ó gbọ́ ọ, kò sì jiyàn lórí ìyẹn.

Ibi tí a ti wá forí gbárí gan-an ni ìlà mìíràn nínú ewì náà: "Apá lará, ìgùnpá nìyekan." Ọ̀rẹ́ mi ní ìdájọ́ Ọdúnjọ nìyẹn, pé apá ẹni ni ará ẹni, ìgùnpá ẹni ni iyekan ẹni, kí olúkúlùkù yé wo ojú ẹbí. Mo ní kí ó sọ ìyẹn fún wẹ́dà wa. Apá rẹ̀ wà níbẹ̀ láti ọjọ́ tí ẹ̀rọ ti jó, ìgùnpá rẹ̀ wà níbẹ̀, ojú àpá iná sì wà lára méjèèjì. Ẹgbẹ́ alájẹsẹ́kù kò gba apá gẹ́gẹ́ bí onídùúró. Orúkọ bàbá tísà àti ti àǹtí mi ni wọ́n gbà. Níbí yìí ni èmi àti Ọdúnjọ ti yà. Mo bọ̀wọ̀ fún un, mo máa kọ́ àwọn ọmọ mi ní ewì rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀, ṣùgbọ́n ìlà kẹrin rẹ̀ jinlẹ̀ ju ìlà yìí lọ, ìlà kẹrin náà sì ni mo fi ń bá a jiyàn.

Ọ̀rẹ́ mi ní àgàbàgebè ni kí èèyàn fi ìlà kan nínú ewì lu òmíràn. Mo ní akéwì tó kọ méjèèjì ló fi wọ́n sínú ilé kan náà, tí kò sì là wọ́n. A wà lórí rẹ̀ títí tí wọ́n fi pe ìrun alẹ́. Kó tó gun ọ̀kadà rẹ̀, ó ní tí ọ̀rọ̀ náà bá dá mi lójú tó bẹ́ẹ̀, kí n wá sọ ọ́ níwájú àwọn ọmọ kíláàsì òun ní táàmù tó ń bọ̀, kí wọ́n sì bá mi jiyàn bí òun ṣe ṣe. Mo ti gbà. A ò ní bẹ̀rẹ̀ láti ìlà àkọ́kọ́.